Hánà Kò Bá Wọn Gòkè Lọ sí Ṣílò

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ pọnmọ wá síbí, mo kí yín ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Ẹ kú ọmọ o, ẹ kú àìsùn òru. Mo rí àwọn bàbá díẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Inú mi dùn pé ẹ wá, torí apá kan ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ tó bá fẹ́ ké, ẹ jẹ́ kó ké. Kí ìyá kankan má dìde jáde nítorí tèmi. Èmi ni màá gbé ohùn sókè.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí sùúrù àti ìgbàgbọ́ fún ìyá tó ṣì ń tọ́ ọmọ kékeré. Ibi tí mo fẹ́ gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà ni ẹsẹ Bíbélì kan tí a máa ń fò kọjá. Gbogbo wa la mọ Hánà. A mọ ẹkún rẹ̀, a mọ bí Élì ṣe rò pé ó ti mutí yó, a mọ ẹ̀jẹ́ tó jẹ́, a sì mọ̀ pé ó bí Sámúẹ́lì. Àwọn tó ń wá ọmọ kì í gbàdúrà kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀: Ọlọ́run Hánà, dá wa lóhùn. Lẹ́yìn tí ọmọ dé ńkọ́? Ẹ ṣí 1 Sámúẹ́lì orí 1, láti ẹsẹ 21 dé 23. Ẹlikénà ọkọ rẹ̀ àti gbogbo ará ilé rẹ̀ gòkè lọ sí Ṣílò láti rú ẹbọ ọdọọdún. Bíbélì wá sọ pé Hánà kò gòkè lọ. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé kó ṣe bó ti tọ́ lójú rẹ̀, kó dúró títí yóò fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Hánà, obìnrin àdúrà, kò lọ sí ìpàdé. Kì í sì í ṣe ọdún kan ṣoṣo, torí láyé ìgbà náà ọmọ a máa pẹ́ tó ọdún méjì, ọdún mẹ́ta lẹ́nu ọmú. Ṣílò ló ti sunkún, Ṣílò ló ti jẹ́ ẹ̀jẹ́, Ṣílò ni Élì ti súre fún un. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù ń di ẹrù ọdún, ó jókòó sílé ní Rámà, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Kò sí ibì kan nínú Ìwé Mímọ́ tí Ọlọ́run ti bá a wí fún un. Wòlíì kankan kò wá sọ fún un pé iná àdúrà rẹ̀ ti ń kú. Ọmọ tó dúró tì nílé yẹn ni Ọlọ́run pe lórúkọ lóru nígbà tó yá.

Ohun tó jẹ́ kí n mú ẹsẹ yìí ni pé ẹjọ́ kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá níbi gbogbo. Wọ́n á ní, "Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ Ọlọ́run." Kí ló dé? "Kí n tó bímọ, mo máa ń jí gbàdúrà ní aago mẹ́rin ìdájí. Mo máa ń lọ sí ìṣọ́ òru, mo máa ń gbààwẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá kúnlẹ̀, oorun á gbé mi lọ. Bí mo bá ṣí Bíbélì, ọmọ á fà á ya." Òṣùwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń wọn ara wọn nígbà tí ọwọ́ wọn kún. Tí wọ́n bá wá fi kún un pé àwọn ń jágbe mọ́ ọmọ láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á parí rẹ̀ sí pé Ọlọ́run ti gbé ojú kúrò lára àwọn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àti ọmọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi náà sì ní ọmọ mẹ́ta tí àgbà wọn kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Lọ́jọ́ àjẹsára kan, obìnrin kan gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ara ọmọ le, ó ń rẹ́rìn-ín sí bọ́tìnnì aṣọ mi. A gbé e sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ dára. Mo kọ ọ́ sínú káàdì, mo wá bi ìyá pé, "Ìwọ náà ńkọ́? Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?" Kò dáhùn. Ó ń fi àtàǹpàkò nu etí káàdì ọmọ náà ṣáá, bíi pé ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Kó tó lanu sọ̀rọ̀, omi ti ń já bọ́ lójú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, mo pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lánàá títí ọmọ fi ń gbọ̀n. Omi lásán ló dà sílẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin wá a lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Mo béèrè ìgbà tó sùn gbẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kò jí i. Kò rántí. Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé? Ìyá ọkọ ti padà sílé rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọjọ́; ọkọ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọjọ́ Sátidé ló ń wálé. Láti òwúrọ̀, tíì nìkan ló wọ inú rẹ̀, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ̀yin èèyàn mi, Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Sùúrù wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn náà.

Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe fún Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba orí 19. Wòlíì tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ọ̀run nítorí àdúrà rẹ̀ sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí òun kúkú kú. Oorun gbé e lọ. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde, kó jẹun. Àkàrà tí a yan lórí ẹ̀yín iná wà níbi orí rẹ̀, omi wà nínú orù. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ ló tún mẹ́nu bà, ó ní ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ jìn. Ẹ̀yìn oorun àti oúnjẹ yìí ni Èlíjà tó rìn dé Hórébù, tí Ọlọ́run wá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ọlọ́run tó dá ara mọ ohun tí ara ń fẹ́, kò sì fi í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Torí náà, bí ẹ bá ń bẹ Ọlọ́run fún sùúrù, ẹ má kọ ìdáhùn nígbà tó bá dé nínú abọ́ ìrẹsì láti ilé kejì, tàbí lẹ́nu àbúrò tó ní, "Ẹ gbé ọmọ fún mi, ẹ lọ sùn." Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń dáhùn pé rárá, ẹ ṣeun, kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Ẹ gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ níhìn-ín, torí ó ń gba ẹ̀mí. Àárẹ̀ yàtọ̀ sí àìsàn. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè máa sunkún láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọkàn rẹ̀ ṣì dúdú, tí kò lè sùn kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, tí kò rí ìfẹ́ ọmọ náà nínú ara rẹ̀, tàbí tó ń ronú láti ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ ní jàǹbá, àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ. Èyí tó le jù, tí ìyá á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní lórí kò ní nídìí mọ́, òun ni àwọn àgbà ń pè ní àbísínwín. Ìyẹn kò gbọdọ̀ di ọ̀la kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ kọ́kọ́ gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ẹ gbàdúrà, ẹ gbà á kíkankíkan, ẹ máa gbà á nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tó nà gbalaja sílẹ̀ láàárín ọjà nítorí bisikíìtì kò dìtẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Apá ọpọlọ tí èèyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu, ó máa ń lé ní ogún ọdún kó tó gbó tán. Ọmọ yẹn fẹ́ nǹkan, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, kò sì ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ ohun tó ń dùn ún. Bí o bá pariwo, ìwọ àti òun lẹ jọ ń ké nìyẹn. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́, lára àwọn ọmọ mi àti lára ọmọ ọlọ́mọ, ni kí ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ àti ti ọmọ yóò fi dọ́gba, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kó má sì sọ púpọ̀: "Mo mọ̀ pé o fẹ́ ẹ. A ò ní rà á lónìí." Kó wá dúró. Ó lè pẹ́ o. Ojú àwọn ará ọjà ló sì máa ń ni ìyá lára jù níbẹ̀, ju igbe ọmọ lọ. Kí wọ́n má bàa sọ pé a ò lè tọ́mọ ló ń sún ọwọ́ wa sókè.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń fi Òwe 13, ẹsẹ 24, dá mi lóhùn nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tó bá fa ọ̀pá sẹ́yìn kórìíra ọmọ rẹ̀. Mo ti kà á, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ bá mi ka Éfésù 6, ẹsẹ 4, pẹ̀lú, àti Kólósè 3, ẹsẹ 21, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún òbí kí wọ́n má mú ọmọ bínú, kí ọkàn ọmọ má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Ìbáwí ní ìdí, ó ní ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ níwájú Ọlọ́run: ọ̀pọ̀ ẹgba tó ń bọ́ lé ọmọ lẹ́yìn ní aago méje alẹ́, nígbà tí iná kò sí, tí omi kò sí, tí iṣẹ́ àṣetiléwá ṣì wà nílẹ̀, àárẹ̀ ló nà án. Ọmọ da ògì sílẹ̀ ní Sátidé, a rẹ́rìn-ín. Ó da ògì kan náà sílẹ̀ ní Mọ́ńdè, a nà án. Kí ni ọmọ yóò rí kọ́ nínú ìyẹn? Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì kò sọnù nílé wa. Ọ̀tún ni mò ń wá.

Níbo wá ni ìyá yóò ti rí sùúrù yìí? Ìwà àbínibí nìkan kò tó o. Mo mọ àwọn tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí oníwà pẹ̀lẹ́ kí wọ́n tó bímọ, tí ọmọ méjì sì ti mú ẹ̀mí wọn kúrú. Ẹ ka Hóséà 11. Ọlọ́run ní òun ló kọ́ Éfúráímù ní ìrìn, òun ló di apá wọn mú. Ẹlẹ́dàá ọ̀run òun ayé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ tó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Ọmọ náà dàgbà, ó lọ ń sun tùràrí fún ère. Síbẹ̀, ní ẹsẹ 8, Ọlọ́run ń bi ara rẹ̀ léèrè pé báwo ni òun yóò ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọlọ́run tí à ń sìn ti tọ́ ọmọ alágídí rí. Kò sí ohun tí ìyá kan fẹ́ lọ sọ fún un lálẹ́ tí yóò jẹ́ tuntun létí rẹ̀. Bó ṣe ń fara dà á fún èmi náà nìyẹn, láàárọ̀ láálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì mọ ìrìn tán. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ mi ti ń bímọ sùúrù: mo gbà pé wọ́n ń fara dà á fún mi, mo sì ń bù nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé ìyẹn, agbára ara mi nìkan ni mò ń ná, kì í sì í pẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Hánà kejì, Hánà ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo wa mọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Àwa tó mọ Afala, ìyá rẹ̀, kò pọ̀. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣogùn. Àjàyí kò tíì ju ọmọ bí ọdún méjìlá lọ. Ìyá rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọwọ́ bí oṣù mẹ́wàá. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, bí àwọn obìnrin ṣe ń sáré gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí, ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin tí wọ́n rọ̀ mọ́ wọn lápá. Wọ́n mú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ya ìyá àti ọmọ nípá. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní oṣù kẹrin, 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Níbẹ̀ ló ti kàwé, tó ti gba Jésù, tó ti ṣe ìrìbọmi. Ní 1843, wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, 1846, ní Abẹ́òkúta, ni ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Crowther ní nígbà tí ìyá òun rí òun, ó ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti rù. Ó wá di ọwọ́ ọmọ náà mú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Crowther ní òun rántí wọn dáadáa. Ọkùnrin tó ti kàwé nílùú òyìnbó, tó wọ aṣọ àlùfáà, orúkọ tí wọ́n fi ṣìkẹ́ rẹ̀ nígbà tí kò ju ọmọdé lọ ṣì wà nínú rẹ̀ digbí.

Afala kì í ṣe Kristẹni ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò sì ní sọ ìtàn rẹ̀ bíi pé ọmọ tó padà jẹ́ owó iṣẹ́ sùúrù. Ọ̀pọ̀ ìyá nígbà ogun wọ̀nyẹn kò fojú kan ọmọ wọn mọ́ títí wọ́n fi kú. Lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ló ti wá gbọ́ ìhìnrere. Ní oṣù kejì, 1848, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hánà, torí Sámúẹ́lì ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. 1883 ló kú, ní arúgbó kùjọ́kùjọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde, tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wà nínú títúmọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni èmi àti ẹ̀yin ti ń ka ìtàn Hánà àkọ́kọ́.

Àwọn orúkọ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ohun tí à ń sọ sí ọmọ létí kó tó gbọ́n, ibẹ̀ ló ń wà. Ẹ máa ki ọmọ yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ gbọ́ oríkì mọ́, wọ́n ní ti òrìṣà ni. Àkànní àti Àjọkẹ́ kò bọ òrìṣà kankan; ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí mo bá fẹ́ jí ọmọ mi fún iléèwé, mo máa ń pe oríkì rẹ̀ kí n tó sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá kì í fi ìbínú ki ọmọ. Kí n tó pe oríkì yẹn dé ẹ̀ẹ̀kejì, ohùn èmi fúnra mi ti rọ̀.

Àdúrà náà ńkọ́? Ibi iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ ti gbà á. Nígbà tí mo bá wẹ ọmọ tán, tí mo ń fi òróró pa á lára, orí rẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀: Olúwa, fún orí yìí ní òye. Etí rẹ̀: kó gbọ́ tìrẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀: má jẹ́ kó fi rìn sí ibi. Òróró ò tíì wọ ara tán, àdúrà ti parí. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nínú òkùnkùn, ìtàn Mósè inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù nílé wa. Ọmọ mi kejì kì í jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kó tó béèrè ẹni tó fún Mósè lọ́mú. Ìyá rẹ̀ ni, ọmọ Fáráò ló sì ń sanwó iṣẹ́ fún un. Ó wà nínú Ẹ́kísódù 2, ẹsẹ 9. Ọdún díẹ̀ péré ni ìyá yẹn fi ní Mósè lọ́wọ́ kó tó fà á lé ààfin lọ́wọ́. Nígbà tí Mósè dàgbà, àwọn Hébérù ló jáde lọ wò, àwọn ló sì pè ní ará rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tímótì. Gíríìkì ni bàbá rẹ̀. Lọ́dọ̀ Lóísì ìyá àgbà rẹ̀ àti Éúníkè ìyá rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti rí orísun ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ yín kì í bá yín gbàdúrà, ilé Tímótì nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń fi Susanna Wesley, ìyá John àti Charles Wesley tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló bí, nǹkan bí ìdajì wọn ló yè. Nínú lẹ́tà tó kọ sí ọkọ rẹ̀ ní 1712, ó ní òun ya ìrọ̀lẹ́ sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ láti fi bá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti John jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó bá lè ṣe é kó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé wọn ní Epworth jóná ní 1709, ìránṣẹ́bìnrin ilé ló gbé Charles jáde, torí ọmọ ọwọ́ ni nígbà náà. Ìránṣẹ́ wà nílé yẹn. Àwọn tó ń fi Susanna bá wa wí kì í sọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ó kàn yín. Ẹ padà sí ẹsẹ 21: Ẹlikénà kó gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ sí Ṣílò. Pẹ̀nínà, orogún Hánà, ní àwọn ọmọ, ẹ rántí. Gbogbo wọn ló kó lọ, ilé wá dákẹ́ fún Hánà àti jòjòló. Kò sì bi í pé kí làwọn èèyàn máa wí bí wọn ò bá rí i. Ẹ̀yin náà, lọ́jọ́ Àìkú, ẹ wẹ àwọn tó lè rìn, ẹ wọ bàtà fún wọn, ẹ kó wọn lọ sí ilé Ọlọ́run, kí ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ tí kò sùn mọ́jú sinmi.

Ó kan ìjọ náà. Ìyá tó lóyún lọ́dún tó kọjá tí a jọ yọ̀ fún, ibo ló ń jókòó báyìí? Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹnẹrétọ̀, ó ń jo ọmọ lẹ́yìn, gbólóhùn kan nínú mẹ́ta ló ń gbọ́ nínú ìwàásù. Àwọn ọ́ṣà ló ní kó gbé ọmọ jáde. Nínú Máàkù 10, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ló lé àwọn tó gbé ọmọ wá, Jésù sì bínú sí wọn. Kò bínú sí ariwo ọmọ. Ní 1876, Mary Sumner, ìyàwó àlùfáà ní Old Alresford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá Mothers' Union sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì rántí bí nǹkan ṣe nira fún òun nígbà tí òun kọ́kọ́ di ìyá. Ó pe àwọn ìyá, olówó àti mẹ̀kúnnù, kí wọ́n wá máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà ti gbilẹ̀ nílẹ̀ wa, àwọn ìjọ yòókù sì ní ẹgbẹ́ obìnrin tiwọn. Aṣọ wa dára, orin wa dùn. Mo bẹ yín, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọ̀rọ̀: ìyá àgbà kan, ìyá kékeré kan, kí ọwọ́ ran ọwọ́.

Ẹnìkan fi ìwé ránṣẹ́ sí mi kí n tó dìde. Ó ní ìjọ òun ti kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, ọmọ òun jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin, ṣé kí òun gbà á? Ìyá, jẹun. Ọmú nìkan ni oúnjẹ ọmọ yẹn títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, inú ara rẹ ló sì ti ń jáde. Mu omi dáadáa. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gba tìrẹ níbi tí ọmọ ti ń mu ọmú, Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ka 1 Sámúẹ́lì 1, ẹsẹ 23, fún un.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ti dàgbà, ẹ kọ orúkọ yín sí apá ọ̀tún, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ lè fi bá ẹnìkan wo ọmọ fún wákàtí méjì. Ẹ̀yin tí ẹ nílò oorun, ẹ kọ tiyín sí apá òsì. Kí ojú má ti ẹnikẹ́ni. Èmi ti kọ tèmi.